Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ jíjò omi lábẹ́ ilẹ̀: ṣé òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ rà?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iléeṣẹ́ omi ìjọba ìpínlẹ̀ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹta mi níbẹ̀ rèé. Àwọn oníṣòwò kan wá bá àwọn ọ̀gá wa, wọ́n ní tí a bá ra ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró omi tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀, tí a sì ra mítà ìgbàlódé tí ń fi òǹkà rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìdajì omi tí a ń pàdánù yóò padà sọ́wọ́ wa láàárín ọdún kan. Àwọn ọ̀gá ní kí n kọ èrò mi sílẹ̀. Àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ wa ní ariwo lásán ni, pé omi tí kò tó mu ni a ní, kí ni à ń wá jíjò kiri sí? Ta ni kí n gbà gbọ́?"

*

Ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú wọn títí ẹ ó fi bi wọ́n ní ìbéèrè kan: omi mélòó ló ń jáde lójúmọ́ láti ibi tí ẹ ti ń pọn omi, ta ni ó sì kà á? Ní àwọn iléeṣẹ́ omi tí mo mọ̀, mítà ńlá tó yẹ kó wà lẹ́nu páìpù àbájáde ti kú tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọn a ka iye wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́, wọn a fi ṣírò iye omi tí wọ́n kọ sí ara pọ́ǹpù náà, wọn a sì gbé èsì rẹ̀ sínú ìwé bí ẹni pé ẹnìkan wọn omi ọ̀hún ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù tó ti lo ogún ọdún kì í gbé iye omi tó ń gbé nígbà tó wà ní titun mọ́. Ẹni tí kò mọ iye ẹrù tó kó kúrò nílé kò lè sọ iye tó bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Kí ni ohun tí àwọn oníṣòwò yẹn wá fẹ́ dá padà ní ìdajì?

Ọ̀rọ̀ "ìpàdánù" yìí gan-an ń kó ìdàrúdàpọ̀ bá wa, nítorí nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Omi kan wà tó jò wọ ilẹ̀ kó tó dé ilé ẹnikẹ́ni. Òmíràn dé ilé, wọ́n mu ún, wọ́n fi fọṣọ, ṣùgbọ́n mítà kò kà á tàbí ẹni tó ń lò ó kò sí nínú ìwé. Díẹ̀ náà sì wà tí iléeṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ lò láìgba owó, irú èyí tí àwọn panápaná ń rọ àti èyí tí a fi ń fọ inú páìpù. Àwọn tó ṣírò gbogbo rẹ̀ papọ̀ fún àgbáyé ní ọdún 2019 fi iye owó rẹ̀ sí bílíọ̀nù 39 dọ́là lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró kò lè ṣe ohunkóhun sí omi tí mítà kò kà, mítà ìgbàlódé nínú ilé kò sì lè dí ihò tó wà lábẹ́ títì. Kí ẹ tó sọ ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ sọ irú èyí tí ẹ ń pàdánù jù nínú wọn.

*

Pé omi tó wà kò tó mu, nítorí náà kí ni à ń wá jíjò sí, ni mo ń gbọ́ jù láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí, òun náà ni mo sì ń ta kò jù. Ẹ wo Ìbàdàn. Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti ọdún 1942, Àṣejíre sì tẹ̀lé e ní ọdún 1972. Omi tó ń ti Àṣejíre bọ̀ ń rin nǹkan bí 30 kìlómítà kó tó wọ ìgboro, a ti da álọ́ọ̀mù àti kiloríìnì sí i, iná mànàmáná tàbí dísẹ́ẹ̀lì ni a sì fi tì í gòkè. Bí ó bá wá jò dànù lábẹ́ títì kan, gbogbo ìnáwó yẹn ló bá a wọlẹ̀. Ihò kan ṣoṣo tó ń da lítà kan nù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó ń kọjá lọ lè máà kà sí nǹkan, ń da 86,400 lítà nù lójúmọ́. Ẹrù táńkà tó ń gba 10,000 lítà ni, ó ju mẹ́jọ lọ. Bí a bá rọ ọ́ sínú ọ̀rá píọ́wọ́tà oníhàáfù-lítà, ọ̀rá 172,800 ni yóò kún. Ìlú tí omi kò tó nínú rẹ̀ gan-an ni kò yẹ kó fi irú ihò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí àwọn àgbà yẹn ti jàre, ó sì yẹ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí àwọn ìlú ńlá ń dá láti mọ jíjò dúró lórí òru. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, àwọn èèyàn ti sùn, ẹnu ẹ̀rọ ti wà ní pípa, nítorí náà omi tó ṣì ń wọ àdúgbò kan ní àkókò yẹn, jíjò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó sì jẹ́ pé òru ló máa ń yọ, ta ló ń sùn? Gbogbo ilé ló dìde, wọ́n ń kún dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń kún táńkì orí òrùlé. Òǹkà òru kò lè sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Páìpù tó gbẹ kì í dún, nítorí náà ẹ̀rọ agbóhùn kò ní ohun tí yóò gbọ́. Nígbà tí omi bá sì padà dé, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ tì jáde, mítà yóò máa yí gbirigbiri lórí afẹ́fẹ́, ìpadàdé omi náà yóò sì máa gbá ojú ìsopọ̀ páìpù títí yóò fi là. Èyí tó burú jù ni pé ihò tí omi ń gbà jáde nígbà tó wà ni omi gọ́tà ń gbà wọlé nígbà tí kò sí.

Ohun tí mo máa ń dá nímọ̀ràn ni pé kí a mú àdúgbò kan ṣoṣo, kí a ṣètò kí omi má ṣe dá níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a sì wọn ibẹ̀ dáadáa. Inú bí àwọn kan sí mi nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé kan, wọ́n ní ojúsàájú ni. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀.

*

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Abẹ́òkúta kọ̀wé pé gbogbo àlàyé yìí kò wúlò, pé àwọn tó ń fi òru so páìpù mọ́ páìpù ìjọba ni ìṣòro wa, kí a kó wọn kí ọ̀rọ̀ tán.

Mo gbà pé wọ́n wà, mo ti rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Phnom Penh, olú-ìlú Kàm̀bódíà, nítorí pé ipò tí ìlú yẹn wà ní ọdún 1993 burú ju ti ọ̀pọ̀ ìlú wa lọ. Ogun ti bà á jẹ́. Omi kì í yọ ju nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lọ lójúmọ́, nínú gbogbo omi tí wọ́n sì ń tì jáde, ìdá 72 nínú 100 ni kò mú owó wálé. Ọdún yẹn ni wọ́n fi Ek Sonn Chan ṣe olórí iléeṣẹ́ omi náà. Ọkùnrin yìí sọ fún àwọn èèyàn pé nígbà tí òun lọ sí ilé ọ̀gá ológun kan nítorí ọ̀rọ̀ omi, ńṣe ni ọ̀gá náà na ìbọn sí òun lórí, àti pé òun padà lọ pẹ̀lú àwọn agbófinró, òun sì gé páìpù rẹ̀. Ìtàn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń rántí, èmi náà sì bọ̀wọ̀ fún ìgboyà rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gígé páìpù nìkan ló gba ìlú yẹn là. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ láti ilé dé ilé, wọ́n sì rí i pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló ń lo omi tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ sì wà nínú ìwé tí kò sí ilé kankan lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé orúkọ tòótọ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi mítà sí ilé gbogbo, wọ́n pín ìlú sí àdúgbò àdúgbò tí mítà wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ń wo agbára tí omi fi ń ti ara páìpù láti ọ́fíìsì, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde lọ́sàn-án lóru láti tún páìpù ṣe. Kí ogún ọdún tó pé, ìdá 72 yẹn ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú 100, omi sì ń yọ ní gbogbo wákàtí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé orúkọ tó péye ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé orúkọ tiwa ńkọ́? Mo mọ ibi tí wọ́n ṣì ń fi ìwé owó omi há ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti wó.

*

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, n kò sì ní dárúkọ ibẹ̀.

Iléeṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ra àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní logger. A ń so wọ́n mọ́ páìpù, wọ́n ń kọ agbára omi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síìmù káàdì inú wọn sì ń fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, inú wa dùn gan-an. Àdúgbò kan wà tí agbára omi ibẹ̀ ń já wálẹ̀ lóru láìnídìí. Èmi àti àgbà òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ mi ní iṣẹ́ jáde ní aago kan òru, a gbé ọ̀pá irin lé orí fáàfù kọ̀ọ̀kan, a sì fi etí sí i. Baba náà ti kọ́ mi pé omi tí èèyàn ń lò máa ń dún, á dákẹ́, á tún dún, ṣùgbọ́n jíjò a máa dún ṣìììì láìsinmi. Ní òru kejì a gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ méje ló kọjá kí wọ́n tó dí ihò yẹn. Irin ìdè tó bá páìpù náà mu kò sí ní ilé-ìkẹ́rù, ọkọ̀ kò ní epo, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé wà lẹ́nu ìsinmi. Ẹ̀rọ ti mọ̀, àwa náà ti mọ̀, omi sì ń lọ. Nígbà tó yá, owó dátà inú síìmù tán, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ dátà sí nínú ètò ìṣúná, nítorí náà ìwé ìbéèrè owó ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Bátìrì wọn kú tẹ̀lé e. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀, inú àpótí kan ni wọ́n wà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà pé iye ọjọ́ ni kí wọ́n máa kà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Páìpù ńlá bẹ́, ó ń da lítà mẹ́wàá nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀nà kún fún omi, àwọn ará àdúgbò pariwo, wọ́n sì dí i láàárín ọjọ́ kan: 864,000 lítà ló lọ. Jíjò kékeré kan wà níbòmíràn tí kò yọ sójú ilẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lítà kan ló ń dà nù ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ fún igba ọjọ́: 5,184,000 lítà, ìlọ́po mẹ́fà ti èyí tó di ariwo ìlú. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti dín igba ọjọ́ yẹn kù. Bí ó bá dín in kù sí ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ sì tún fi àádọ́ta ọjọ́ kún un, ẹ ti fi owó ẹ̀rọ ra àádọ́ta ọjọ́ jíjò.

*

Ẹnìkan béèrè nípa sátẹ́láìtì tí wọ́n ní ó ń rí omi ẹ̀rọ lábẹ́ ilẹ̀ láti òkè. Ó wà, àwọn ìlú kan ń lò ó, ṣùgbọ́n ibi tó ṣeé ṣe kí jíjò wà nìkan ló lè nàka sí. Àwọn tó ní ọ̀pá àti agbóhùn ṣì ní láti fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tí kò tíì rí àwọn òṣìṣẹ́ tó lè rìn dé ibẹ̀ lóru kò nílò rẹ̀ lónìí.

*

Àbúrò wa kan láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé: "Ìlú tí mò ń gbé ní gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ yìí, omi ṣì ń jò káàkiri òpópónà. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀?"

Òótọ́ ni ẹ sọ, ìbéèrè yín sì ṣe pàtàkì. Iléeṣẹ́ tó ń pín omi fún Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ ń pàdánù ju mílíọ̀nù lítà 500 lọ lójúmọ́ sí jíjò. Ọ̀pọ̀ páìpù ibẹ̀ ló ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, irin ni wọ́n, amọ̀ tí wọ́n rì wọ́n sí sì ń wú nígbà òtútù, ó ń sún kì nígbà ọ̀dá, ó sì ń ṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá dí ihò kan lára páìpù tó ti gbó, òmíràn yóò lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí agbóhùn tó lè sọ páìpù gbígbó di titun, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sì í sọ èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Lisbon ní Pọtogí, ìlú àtijọ́ ni òun náà. Ní ọdún 2005, omi tí kò mú owó wálé níbẹ̀ sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo omi wọn. Wọ́n pín ìlú sí àdúgbò oní-mítà, àwọn òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ, láàárín bí ọdún mẹ́wàá, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú 100. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀nà wọn ni pé wọ́n yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo òǹkà òru àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀, kí ó sì sọ ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́dọ̀ wa nígbà tí àwọn logger wa ṣì wà láàyè. Gbogbo wa ni ó ń wò ó, nítorí náà kò sí ẹni tí a lè bi.

*

Lórí mítà inú ilé, mo mọ̀ pé èrò mi kò ní dùn mọ́ gbogbo yín. Púpọ̀ nínú yín ló ń sọ pé kí iléeṣẹ́ fi mítà onísanwó-ṣáájú sí ilé gbogbo, bí ti iná. Mítà bẹ́ẹ̀ yóò gba owó, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹnu ilé ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro mìíràn tún wà tí a kì í mẹ́nu bà. Ilé wa ní táńkì, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú táńkì náà ló sì ń ṣí omi, tó ń tì í. Bí táńkì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, omi á máa wọlé tín-ín-rín, mítà oníwíìlì tó ti gbó kì í sì í mọ̀ pé nǹkan ń kọjá. Mítà tó ń fi ìró wọn omi, tí kò ní wíìlì nínú, máa ń rí i, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Bí owó kò bá pọ̀, àwọn ilé ìtura, ilé ìwòsàn ńlá, iléeṣẹ́ àti bárékè ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mítà tó péye sí, nítorí díẹ̀ ni wọ́n, omi tí wọ́n ń lò sì pọ̀.

*

Ohun kan wà tí kò sí oníṣòwò tó bá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá polówó, bóyá nítorí pé owó rẹ̀ kéré: agbára tí omi fi ń ti ara páìpù. Bí ó bá ti pọ̀ tó ni ihò kọ̀ọ̀kan ń da omi nù tó, bẹ́ẹ̀ ni páìpù sì ń bẹ́ sí i. Ní Khayelitsha, ní Cape Town, wọ́n fi fáàfù ńlá sí ẹnu páìpù tó ń wọ àdúgbò náà ní ọdún 2001, wọ́n sì ń dín agbára omi kù, pàápàá lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò nílò rẹ̀. Nǹkan bí bílíọ̀nù lítà mẹ́sàn-án ni wọn kò tún pàdánù mọ́ lọ́dún. Ilé omi wa tó wà lórí òkè, tó ń pín omi fún àfonífojì, ni irú ètò yìí yẹ jù lọ. Bí ẹ bá ní logger méjì péré, ẹ so ọ̀kan mọ́ ibi tó ga jù ní àdúgbò náà àti èkejì mọ́ ibi tó rẹlẹ̀ jù, kí ẹ tó fọwọ́ kan fáàfù kankan.

*

Ẹ béèrè ohun tí ẹ ó kọ. Kí ẹ kọ ọ́ pé mítà ẹnu páìpù àbájáde ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Kí ẹ yan àdúgbò kan tó ní ẹnu ọ̀nà omi kan tàbí méjì, kí ẹ fi mítà síbẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé gbogbo fáàfù tó yí i ká tì pa dáadáa, nítorí fáàfù kan tí kò tì yóò ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Kí ẹ pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n mọ ibi tí páìpù gbà, kí ẹ bá wọn rìn pẹ̀lú fóònù tó ń gba àmì ibi tí ẹ dúró, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, tí kò gba owó kankan. EPANET, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi máa ṣírò bí omi ṣe ń rìn nínú páìpù, náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ bèèrè irú páìpù tí ẹ ní kí wọ́n tó ta agbóhùn fún yín: irin máa ń gbé ìró jìnnà, páìpù ike máa ń gbé e mì. Kí owó dátà, owó bátìrì, irin ìdè àti epo ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ta wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú owó ẹ̀rọ. Bí àwọn ọ̀gá bá yọ ìyẹn kúrò, ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé kí wọ́n má ra ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jókòó kọ ọ́, ẹ wá àdúgbò kan tí mítà ẹnu rẹ̀ ṣì ń yí lọ́dọ̀ yín, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ kà á ní aago méjì òru, ẹ tún kà á ní aago mẹ́rin, ẹ ka iye ilé tó wà níbẹ̀, ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ síbí kí a jọ ṣírò rẹ̀.